Ṣé X25519MLKEM768 ti tó gbára lé lórí sáfà tó ń gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn? Ìyára rẹ̀ ńkọ́?

Káyọ̀dé_sysadmin:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Sáfà méjì ni mo ń bójú tó fún ilé ìwòsàn kan. nginx (sọ́fútúwíà tó ń gbé ojú ìwé jáde) ló wà lórí méjèèjì. Ọ̀kan ń lo Debian 12, èkejì ń lo Debian 13. Àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé oògùn àti ìtàn àìsàn ló ń gba orí wọn kọjá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbó. Ẹni tó bá gbà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà lónìí, tó tọ́jú rẹ̀ títí kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù ńlá yóò fi dé, yóò fi ọgbọ́n Shor (ìlànà ìṣirò fún kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù) tú X25519, tí TLS, ìsopọ̀ aláàbò ojú ìwé wa, fi ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, yóò sì ka àìsàn àwọn tó ṣì wà láàyè. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ di ìgbà tí àwọn yòókù bá ṣe é.

Mo ti rí i pé OpenSSL 3.5, àkójọ kóòdù tí nginx fi ń ṣe TLS, ní X25519MLKEM768, tó pa X25519 pọ̀ mọ́ ML-KEM, ọ̀nà tuntun tí wọ́n ṣe láti dènà kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù. Fóònù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo sáfà wa fi ń wọlé, nítorí náà mo fẹ́ mọ iye tí yóò ná wọn ní ìyára àti ní dátà. Mo tún fẹ́ kí ẹ bá mi sọ òtítọ́ nípa ìgbẹ́kẹ̀lé. SIKE, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ṣe láti dènà kúáńtọ́mù, náà wà lára àwọn tí NIST, àjọ òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà, ń gbé yẹ̀ wò, ó sì wó ní ọdún 2022 lórí kọ̀ǹpútà lásán. Kí ló mú wa gbà pé ML-KEM kò ní wó bẹ́ẹ̀?

Ohun kan tún wà. Láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti tan X25519MLKEM768 lórí èyí tó ń lo Debian 13, Chrome ní àwọn ọ́fíìsì kan kì í lè ṣí ojú ìwé wa nígbà mìíràn. Wọ́n á tún gbìyànjú, á sì ṣí. curl (irinṣẹ́ orí ìlà àṣẹ tó ń ṣí ojú ìwé) láti orí kọ̀ǹpútà kan náà kì í kùnà rárá. Ṣé kí n pa á ni?

ÒṣùpáNet:

Káyọ̀dé, ẹ má pa á. Pípa á lórí sáfà kò ní wo àìsàn yẹn sàn, mo máa sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìyára.

Ìṣirò ML-KEM-768 kò wúwo. Lórí CPU ìgbàlódé tó ní AVX2, kò lọ́ra ju X25519 lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló tiẹ̀ ń yá jù ú lọ. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín:

openssl speed -kem-algorithms
openssl speed ecdhx25519

Ẹ ó rí i pé fífi RSA 2048 buwọ́ lùwé, tí sáfà ń ṣe ní gbogbo handshake (ìgbà tí oníbàárà àti sáfà ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀) tí certificate yín bá jẹ́ RSA, ń jẹ CPU ju ML-KEM lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù CPU, kó kọ́kọ́ lọ gba certificate ECDSA P-256.

Báìtì ni owó tí a ń san. Kọ́kọ́rọ́ gbangba X25519 jẹ́ báìtì 32 péré. Ti ML-KEM-768 jẹ́ 1184, ciphertext (àṣírí tí a ti dì) tí sáfà ń dá padà sì jẹ́ 1088. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀ nínú X25519MLKEM768, oníbàárà á fi 1216 ránṣẹ́, sáfà á dá 1120 padà. Àfikún lórí X25519 nìkan jẹ́ báìtì 2272 fún handshake kan. Mílíọ̀nù kan handshake lóòjọ́ á gbé bíi GB 2.27 lé e. Lójú sáfà, kò tó nǹkan. Fún ẹni tó wà lórí fóònù, àwòrán kékeré kan ṣoṣo lórí ojú ìwé yín á ju ìyẹn lọ.

Ibi tó ti lè ro ẹni lára ni kí app máa ṣí ìsopọ̀ tuntun fún gbogbo ìbéèrè. Ìbẹ̀rẹ̀ padà TLS 1.3 tí àwọn bùráúsà ń lò tún máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí náà ticket (ìwé tí sáfà fún oníbàárà kó lè padà wá) kò dá báìtì wọ̀nyẹn dúró. Ẹ jẹ́ kí ìsopọ̀ pẹ́ láyé: keepalive_timeout tó tó, HTTP/2, kí app sì máa lo ìsopọ̀ kan fún ìbéèrè púpọ̀.

Ohun tó léwu ju báìtì lọ ni ìrìn àlọ àti àbọ̀ tí kò yẹ kó wáyé. Bí sáfà bá fẹ́ group (ọ̀nà pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́) kan tí oníbàárà ní ṣùgbọ́n tí kò fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ClientHello, ìyẹn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí oníbàárà ń sọ, sáfà á dá HelloRetryRequest padà, oníbàárà á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Bí àlọ àti àbọ̀ bá jẹ́ ms 100, ẹ ti sọ ms 100 nù nìyẹn. Chrome ń fi kọ́kọ́rọ́ X25519MLKEM768 àti ti X25519 ránṣẹ́ pọ̀, nítorí náà kò sí ìyọnu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe kọ ọ́ sínú nginx:

ssl_protocols TLSv1.2 TLSv1.3;
ssl_ecdh_curve X25519MLKEM768:X25519:prime256v1;

Bí ẹ bá fi kólọ́ọ̀nù sáàárín wọn báyìí, OpenSSL 3.5 ka gbogbo wọn sí ipò kan náà, á sì mú èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bí ẹ bá fi ìlà / pààlà sí wọn, bíi X25519MLKEM768/X25519:prime256v1, ipò méjì ni: oníbàárà tó ní ML-KEM ṣùgbọ́n tí kò fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ yóò gba HelloRetryRequest. Ẹ ó san ìrìn kan, ẹ ó sì rí ààbò gbà fún un. Fún àkọsílẹ̀ aláìsàn, ìlà / ni mo fara mọ́.

Ẹ fi $ssl_curve àti $ssl_protocol sínú log_format yín. Láìsí ìyẹn, ẹ kò lè mọ ìdá mélòó nínú àwọn oníbàárà yín ló ń lo èwo. Ẹ sì rántí pé TLS 1.3 nìkan ni X25519MLKEM768 wà fún. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú 1.2 kò ní ààbò kúáńtọ́mù kankan, ohun yòówù kí ẹ kọ sórí ìlà yẹn. Láti yẹ̀ ẹ́ wò láti ìta:

openssl s_client -connect sáfà_yín:443 -tls1_3 -groups X25519MLKEM768

Ẹ wá ìlà tó sọ Negotiated TLS1.3 group nínú ohun tó bá jáde. OpenSSL 3.5 náà ni kí ẹ fi ṣe é. Ti àtijọ́ kò mọ orúkọ yẹn.

Ní ti Debian 12, OpenSSL 3.0 ló wà níbẹ̀, kò ní ML-KEM. Ẹ gbé e lọ sí Debian 13, tàbí kí ẹ fi Caddy 2.10 sókè lọ síwájú rẹ̀. Èdè Go ni wọ́n fi kọ Caddy, sáfà ojú ìwé mìíràn, Go 1.24 sì ń tan X25519MLKEM768 fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá kọ CurvePreferences sínú kóòdù Go láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sì fi orúkọ tuntun yìí kún un, ó ti pa á láìmọ̀.

Ó di ti àwọn ọ́fíìsì tí kò lè ṣí i. Chrome orí kọ̀ǹpútà ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ńlá ránṣẹ́ sí gbogbo sáfà láti Chrome 124, ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Bóyá sáfà yín gbà á tàbí kò gbà á, ClientHello Chrome tóbi bákan náà. Nítorí náà, títàn tí ẹ tan án kọ́ ló fà á. Nǹkan kan wà láàárín Chrome àti nginx tí kò lè ka ClientHello tó pín sí páákẹ́ẹ̀tì méjì. MSS, ìyẹn iye báìtì dátà tí páákẹ́ẹ̀tì kan lè gbé, jẹ́ 1460 lórí Ethernet. Báìtì 1216 tí a gbé lé ClientHello ti lé e kọjá ibẹ̀. curl yín ń lo OpenSSL àtijọ́, ClientHello tirẹ̀ kéré, páákẹ́ẹ̀tì kan ló gbé e, ìyẹn ni kò fi kùnà.

Kí ló wà níwájú nginx yín? Kí ló yí padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn?

Mọ́remí_kọ́kọ́rọ́:

ÒṣùpáNet ti tán ti ìyára. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ìgbẹ́kẹ̀lé, nítorí ìbéèrè Káyọ̀dé lórí SIKE tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn dáadáa.

SIKE ń gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lórí isogeny, ìṣirò tó so elliptic curve kan mọ́ èkejì. SIDH tó bí i jáde ní 2011. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi ibi tí àwọn ojú àmì kan bọ́ sí hàn fún gbogbo ayé, yàtọ̀ sí curve fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń fura sí àfikún yẹn tipẹ́. Ní 2022, Wouter Castryck àti Thomas Decru lo òfin ìṣirò kan tí Kani ti kọ ní 1997 láti sọ àfikún náà di ọ̀nà àbáwọlé, SIKEp434 sì ṣubú láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lórí core ẹyọ kan. Nǹkan tí SIKE fi síta ju bó ṣe yẹ lọ ló pa á.

ML-KEM dúró lórí Module-LWE: ìlà ìdọ́gba púpọ̀ tí a da ariwo kékeré sí nínú, tí a sì ní kí ẹni tó bá lè ṣe é wá àwọn nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ariwo náà. Kò ní irú àfikún tí SIKE ní. Ìṣirò lattice, ìdílé tí Module-LWE wà, nínú iṣẹ́ àṣírí ti wà láti NTRU ní 1996, LWE fúnra rẹ̀ láti ọwọ́ Oded Regev ní 2005. Láti ìgbà náà, ìkọlù BKZ àti sieving ti ń dára sí i díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń bu ààbò náà jẹ ní bit mélòó kan lọ́dún mélòó kan. A kò tíì rí èyí tó wó o lójijì.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè búra. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Yilei Chen gbé ìwé jáde pé òun ti rí ọ̀nà kúáńtọ́mù láti tú irú LWE kan. Ní bíi ọ̀sẹ̀ kan, àwọn onímọ̀ rí àṣìṣe ní ìgbésẹ̀ 9, òun náà sì gbà pé ohun tí òun sọ kò dúró mọ́. Kódà bó bá dúró, òṣùwọ̀n tó sọ̀rọ̀ lé kò bá ti Kyber, tó di ML-KEM lẹ́yìn náà, mu. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn: àwọn tó ń lo ìpapọ̀ X25519 àti Kyber kò ní ìdí láti yí ohunkóhun padà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìpapọ̀ nìyẹn. Nínú X25519MLKEM768, a fi àṣírí báìtì 32 láti ML-KEM ṣáájú, a so báìtì 32 ti X25519 mọ́ ọn, gbogbo 64 sì wọ inú HKDF, ìṣirò tó ń yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ti TLS 1.3. Àgádágodo méjì ló wà lára ilẹ̀kùn kan. Olè tó bá ṣí ọ̀kan ṣì wà níta. Bí lattice bá wó lọ́la, ẹ ṣì wà níbi tí ẹ wà lónìí, kò burú sí i. Bí kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù bá dé, ML-KEM ló dúró. Báìtì 32 péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni owó rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí a yọ X25519 kúrò nítorí pé ó fẹ́ kí nǹkan rọrùn, n kò rí ohun tó jèrè.

Ẹ má fi Kyber àti ML-KEM pe nǹkan kan náà nígbà tí ẹ bá ń ṣètò. FIPS 203, ìwé ìlànà NIST fún ML-KEM, jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 2024, ó sì yí bí a ṣe ń yọ àṣírí ìkẹyìn padà. X25519Kyber768Draft00, ìpapọ̀ ti àtijọ́, ń lo nọ́ńbà 0x6399, X25519MLKEM768 ń lo 0x11EC. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Chrome kúrò lórí ti àkọ́kọ́ ní Chrome 131, Firefox sì tan ti ìkejì ní 132. App àtijọ́ tó ṣì ń fi 0x6399 ránṣẹ́ kò ní kùnà; á rọra bọ́ sí X25519 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. $ssl_curve tí ÒṣùpáNet sọ ló máa tú u.

Lórí òṣùwọ̀n: ẹ kúrò lórí ML-KEM-512. Daniel J. Bernstein, onímọ̀ iṣẹ́ àṣírí, ti kọ púpọ̀ láti tako bí NIST ṣe ka agbára Kyber-512, àwọn mìíràn sì dá a lóhùn. Ẹ kò nílò láti dá ẹjọ́ yẹn. 768 fún yín ní àyè tó pọ̀ kọjá ibẹ̀. NSA ní kí àwọn tó ń bójú tó ètò ààbò ìjọba Amẹ́ríkà lo 1024 nínú CNSA 2.0, tí kọ́kọ́rọ́ gbangba àti ciphertext rẹ̀ jẹ́ 1568 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn bùráúsà kì í fi kọ́kọ́rọ́ 1024 ránṣẹ́ fúnra wọn, nítorí náà ẹ ó kàn fa HelloRetryRequest tàbí kí ìsopọ̀ má wáyé rárá.

Kóòdù gan-an ni ó yẹ kó gba àníyàn wa, ju ìṣirò lọ. Ní òpin 2023, wọ́n rí KyberSlash: kóòdù ìpìlẹ̀ Kyber ń fi nọ́ńbà àṣírí pín sí 3329, lórí àwọn CPU kan, àkókò tí pípín ń gbà sì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà náà bá ṣe rí. Lórí Raspberry Pi 2, ẹni tó bá ń ka àkókò lè yọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ jáde. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi ìsọdipúpọ̀ àti shift rọ́pò pípín. Ní 2024, àwọn ẹ̀dà Clang kan mú ìlà kóòdù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ láìní if, wọ́n sì dá if padà sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe compile. Kóòdù C náà kò ní àbùkù. Ohun tó jáde láti inú compiler ló ní.

Nínú TLS, kọ́kọ́rọ́ ML-KEM kan, handshake kan, ó parí. Ẹni tó ń ka àkókò nílò ìbéèrè púpọ̀ lórí kọ́kọ́rọ́ kan náà, kò sì ní rí i. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ń pẹ́ ni ewu wà. Bí ẹ bá ń kọ app tí yóò máa lo kọ́kọ́rọ́ ML-KEM kan fún oṣù mẹ́ta, ẹ mú OpenSSL 3.5 tàbí crypto/mlkem ti Go 1.24, ẹ má kó kóòdù Kyber ti 2021 láti GitHub.

Bí ẹ bá sì ń yẹ kóòdù ẹlòmíràn wò, ibi méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé ó ń kọ kọ́kọ́rọ́ gbangba tí nọ́ńbà inú rẹ̀ bá tó 3329 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? FIPS 203 pàṣẹ rẹ̀. Èkejì: bí ciphertext bá bàjẹ́, decapsulation (ṣíṣí ciphertext) kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dá àṣírí báìtì 32 mìíràn padà tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́, kí handshake wá kùnà lẹ́yìn náà fúnra rẹ̀. Mo ti rí kóòdù tí wọ́n fi «return error» sí ibẹ̀ nítorí pé ó dà bíi pé ó mọ́ tónítóní. Ìdáhùn «bẹ́ẹ̀ ni» tàbí «bẹ́ẹ̀ kọ́» yẹn ni ẹni tó ń kọluni ń fẹ́. Bó bá gbà á tó, á yọ kọ́kọ́rọ́ náà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni memcmp (àṣẹ tó ń fi báìtì wé ara wọn) tó ń dúró níbi báìtì àkọ́kọ́ tó yàtọ̀. FrodoKEM, ọ̀nà lattice mìíràn, ti jìyà rẹ̀ rí ní 2020.

Bàbá_Kọ́ọ̀dù:

Mọ́remí, ọ̀rọ̀ yín dáa, mo kàn fẹ́ ta kò yín díẹ̀ lórí ohun kan. Ẹ sọ̀rọ̀ bíi pé ML-KEM nìkan ló wà. Fún ojú ìwé tí bùráúsà ń ṣí, mo gbà. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé ní sáfà méjì, ó dájú pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, backup sì ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Níbẹ̀ báìtì kò ṣe pàtàkì, ọjọ́ orí ìmọ̀ ló ṣe pàtàkì.

Classic McEliece, ọ̀nà mìíràn láti dènà kúáńtọ́mù, dúró lórí ìmọ̀ tó ti wà láti 1978. Kọ́kọ́rọ́ gbangba mceliece348864 jẹ́ báìtì 261,120, kò ṣeé gbé sínú ClientHello láéláé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa gbé e lọ sórí sáfà kejì. Ciphertext rẹ̀ jẹ́ 96 péré. Rosenpass ń lò ó pọ̀ mọ́ Kyber láti fún WireGuard (irú VPN kan) ní kọ́kọ́rọ́ tuntun. BSI, àjọ ààbò kọ̀ǹpútà Jámánì, ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé FrodoKEM àti Classic McEliece wúlò fún ohun tó gbọ́dọ̀ pẹ́. Kọ́kọ́rọ́ gbangba FrodoKEM-640 jẹ́ báìtì 9616, ciphertext rẹ̀ sì ju 9700 lọ, lattice tí kò ní ìrísí àkànṣe tí ML-KEM fi ń dín báìtì kù. HQC tí NIST mú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2025 gẹ́gẹ́ bí èyí tí yóò dúró lẹ́yìn ML-KEM dáa, ìṣirò rẹ̀ sì yàtọ̀ sí lattice, àmọ́ ìwé ìlànà rẹ̀ kò tíì parí. Kí ẹnikẹ́ni má fi sórí sáfà aláìsàn báyìí.

Káyọ̀dé ọmọ mi, tún wo ibi tí TLS ti ń parí. Bí proxy tàbí CDN (sáfà mìíràn tó ń gba ìsopọ̀ ṣáájú tìrẹ) bá wà níwájú, tó ń ṣe X25519MLKEM768 pẹ̀lú Chrome, tó wá ń bá nginx rẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú TLS 1.2 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó jókòó lórí ọ̀nà kejì yẹn ti rí gbogbo rẹ̀. Lílo proxy_ssl_protocols TLSv1.3 lójú ọ̀nà yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀. OpenSSL ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.5 sókè.

Mọ́remí_kọ́kọ́rọ́:

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀nà láàárín sáfà méjì, Bàbá. McEliece níbẹ̀, pọ̀ mọ́ ML-KEM, dáa gan-an. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni dúró de McEliece tàbí HQC kó tó tan ML-KEM lórí ojú ìwé. Ohun tí ẹni kan bá gbà sílẹ̀ lónìí, kò sí ìmúdójúìwọ̀n ọ̀la tó lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Certificate kò kánjú tó bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ béèrè. Ìbuwọ́lùwé ni ẹ̀rí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù ti ọjọ́ iwájú kò lè padà wá ṣe ayédèrú handshake tó ti kọjá. ML-DSA-44, ìbuwọ́lùwé tí wọ́n ṣe láti dènà kúáńtọ́mù, sì wúwo: 2420 fún ìbuwọ́lùwé, 1312 fún kọ́kọ́rọ́, nígbà tí ti ECDSA P-256 jẹ́ 64. Ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Káyọ̀dé_sysadmin:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. ÒṣùpáNet, ìdáhùn ìbéèrè yín nìyí: proxy kékeré kan wà níwájú nginx tí wọ́n fi Python kọ, ó ń ka SNI (orúkọ sáìtì tí oníbàárà ń béèrè) kó lè mọ sáfà tí yóò darí ìsopọ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Mo fi tcpdump wò ó: ClientHello Chrome wá ní páákẹ́ẹ̀tì méjì, nígbà tó bá kùnà, RST (àṣẹ tó ń gé ìsopọ̀) ń wá láti ọ̀dọ̀ proxy lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn.

ÒṣùpáNet:

Ó ti hàn. Nínú kóòdù yẹn, ẹ ó rí nǹkan bíi data = sock.recv(4096), lẹ́yìn náà a sì wá SNI nínú data. recv kò ṣèlérí pé gbogbo ClientHello ni yóò dá padà. Ohun tó ti dé ni yóò fún yín.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn jẹ́ méjì. Bí páákẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá ti dé kí recv tó wáyé, ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, Chrome ń da ètò àwọn extension rú ní gbogbo ìsopọ̀. Bí SNI bá bọ́ síwájú key_share (extension tó gbé kọ́kọ́rọ́), ó wà nínú páákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, proxy á rí i. Bí ó bá bọ́ sẹ́yìn, báìtì 1216 yẹn ti tì í sínú páákẹ́ẹ̀tì kejì. Ẹni tó bá tún ojú ìwé ṣí ti tún ayò ta.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ ka báìtì 5 àkọ́kọ́. Èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0x16, ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún ni gígùn record. Ẹ máa pe recv léraléra títí ẹ ó fi kó gígùn yẹn pé. Lẹ́yìn náà ẹ ka orí handshake: báìtì kan tó jẹ́ 0x01, mẹ́ta tó jẹ́ gígùn ClientHello. Bí gígùn yẹn bá ju ohun tó wà nínú record àkọ́kọ́ lọ, record mìíràn ń bọ̀, ẹ tún ka a. Ẹ fi ààlà sí i, KB 16 tó, kí ẹnikẹ́ni má fi ClientHello aláìlópin jẹ memory yín, kí ẹ sì fi timeout ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí i. Nígbà tí ẹ bá ti rí SNI, gbogbo báìtì tí ẹ ti kà ni kí ẹ kọ sí nginx kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyókù kọjá. Ẹlòmíràn máa ń gbàgbé ìyẹn.

Tí ẹ kò bá fẹ́ tọ́jú kóòdù yẹn, nginx fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú ssl_preread on nínú stream, ó sì mọ bí a ṣe ń dúró. Ní ti ìdánwò, ojú ìwé tldr.fail ní ìwé àṣẹ Python kékeré kan tó ń pín ClientHello sí méjì mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ fi yẹ gbogbo firewall àti load balancer yín wò, nítorí àìsàn yìí kò mọ́ sórí Python.

Bí ẹ bá tún ní VPN IPsec níbẹ̀, ìṣòro kan náà ń bọ̀ lọ́nà mìíràn: IKE_SA_INIT, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ méjèèjì ń bá ara wọn sọ, kò ṣeé pín sí wẹ́wẹ́ ní ipele IKE. RFC (ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì) 9242 àti 9370 ló jẹ́ kí a lè gbé ML-KEM lọ sí IKE_INTERMEDIATE kí ó lè ṣeé pín. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́ àwọn RFC yẹn.

Bàbá_Kọ́ọ̀dù:

Ẹ má gbàgbé SSH, nítorí ibẹ̀ ni backup ń gbà. Debian 12 ní OpenSSH 9.2, tó ń lo sntrup761x25519-sha512@openssh.com, ìpapọ̀ mìíràn tó dènà kúáńtọ́mù, láìjẹ́ pé o ṣe ohunkóhun. Ó wà bẹ́ẹ̀ láti 9.0 ní 2022. Debian 13 ní 10.0, mlkem768x25519-sha256 ló sì fi ṣáájú níbẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà rẹ ti ní ààbò, àyàfi bí ẹnìkan bá ti kọ KexAlgorithms sínú sshd_config nígbà kan láti fi mú ààbò le, tó sì fi curve25519 nìkan síbẹ̀. Yẹ̀ ẹ́ wò:

ssh -v sáfà_kejì 2>&1 | grep 'kex: algorithm'

Bí o bá rí curve25519-sha256, lọ pa ìlà yẹn rẹ́ nínú sshd_config, kí o sì tún sshd tàn. Láti OpenSSH 10.1, oníbàárà fúnra rẹ̀ á máa kìlọ̀ fún ọ.

Fún WireGuard, bí Rosenpass bá pọ̀ jù fún ọ báyìí, lo àyè PresharedKey tó wà nínú rẹ̀. wg genpsk á fún ọ ní báìtì 32; fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹni tó bá fi kúáńtọ́mù tú Curve25519 kò ní rí inú rẹ̀ láìní báìtì wọ̀nyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kan fún ìsopọ̀ méjì-méjì, kì í ṣe ọ̀kan fún gbogbo wọn. Má fi ímeèlì tàbí WhatsApp gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. SSH tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò yẹn ni kí o fi gbé e, kí o sì fi chmod 600 sí fáìlì náà níbi méjèèjì.